Ẹ JẸ́ KÍ A WO ILẸ̀ TÍ A Ń TẸ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, nínú Súrátúl Gáṣíyà, Ọlọ́hun bi ẹ̀dá léèrè pé ṣé wọn kì í wo ràkúnmí, sánmọ̀, òkè àti ilẹ̀ ni. Wíwo ohun tí ó yí wa ká jẹ́ ara ìjọsìn. Àwa tí a ń gbé ní Nguru àti àwọn abúlé rẹ̀, kí ni ojú wa ń rí?

Odò Hadejia tí ó máa ń kún bo àkúrọ̀ lọ́dọọdún kò ṣe déédéé mọ́. Koríko kachalla, tí ó ga ju ènìyàn lọ, ti dí ojú omi. Ọkọ̀ apẹja kò rí ọ̀nà kọjá, àwọn ẹyẹ tí ń jẹ ọkà sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Lápá àríwá, iyanrìn ń sún mọ́ oko, igi sì ń dín kù.

Èyí ní ìdí. A parí ìdídò Tiga ní 1974, ti Challawa Gorge ní 1992. Wọ́n ń fún Kánò àti àwọn oko ní omi, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n omi òjò tí ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa dín kù, omi díẹ̀díẹ̀ sì ń ṣàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó yẹ kí ilẹ̀ gbẹ. Ìyẹn gan-an ni kachalla fẹ́. Bí òjò ńlá bá wá dé, odò tí ó ti dí yóò ya wọ ilé. Ẹ rántí omíyalé ọdún 2022 ní Jigawa àti Yobe.

Nínú Súrátú Rúmù, áyà 41, Ọlọ́hun sọ pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ni ó fa ìbàjẹ́ lórí ilẹ̀ àti lójú omi, kí wọ́n lè tọ́ díẹ̀ wò, kí wọ́n sì ṣẹ́rí padà. Ìṣẹ́rípadà ni Ó ń fẹ́.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé àjò kò lè dùn kí onílé má relé, pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe tiwa. Ibo ni a sin àwọn baba wa tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin wá sí? Ibo ni a bí àwọn ọmọ wa sí? Ti Ọlọ́hun ni ilẹ̀. Àrólé ni onílé àti àlejò lórí rẹ̀. Ẹni tí ń ra igi tútù láti tà ní ìdáná, kí ó mọ̀ pé a ó bi òun náà.

Ànábì wa sọ fún wa pé igi tí Mùsùlùmí bá gbìn, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹran jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni fún un. Bukhari àti Muslim gbà á wá. Nítorí náà, kí ilé kọ̀ọ̀kan gbin igi lọ́dún yìí. Igi gawo dára létí oko, nítorí ewé rẹ̀ ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Bí bùlámà bá sì pe ará abúlé láti gé kachalla, kí àwọn ọ̀dọ́ wa wà níbẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ jẹ́rìí takò wá. Àmín.

Wasalaamu alaykum.