Ọwọ́ Tí Ó Ṣe Fèrèsé Ilé Ọlọ́run

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Kristẹni máa gbàdúrà lábẹ́ fèrèsé tí ọwọ́ Mùsùlùmí ṣe? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ lásán. Yusuf Grillo, ẹni tí a bí ní Èkó ní ọdún 1934, tí ó sì jẹ́ olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún ọdún púpọ̀, Mùsùlùmí ni. Síbẹ̀ òun ni ó ya àwòrán fèrèsé dígí aláwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé ìsìn Kristẹni ní Èkó, tí All Saints' Church ní Yaba sì wà nínú wọn. Ní ọdún 2021 ni ó papò dà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò bá a lọ.

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Yanrìn ni dígí. Iná ni ó yọ́ ọ. Àwọn oníṣẹ́ a máa po àlùmọ́nì ilẹ̀ mọ́ ọn: kóbáàtì a sọ ọ́ di àwọ̀ aró, wúrà díẹ̀ a sì sọ ọ́ di pupa. Nígbà tí ó bá tutù, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a sì fi òjé so ó pọ̀ di àwòrán. Bí ènìyàn bá dúró ní ìta ní ọ̀sán, dúdú ni yóò rí, kò sì ní mọ ẹni tí a yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ inú ilé, oòrùn kan náà tí ó ń pa á ní ìta ni yóò fi àwòrán náà hàn án. Fèrèsé kò ní ìmọ́lẹ̀ ti ara rẹ̀. Ohun tí ó gbà ni ó ń fi fún wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ayé onígbàgbọ́ rí.

Àwọn kan a máa wí pé òfin kejì ti kọ ère fún wa. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ejò idẹ tí Mósè gbé kọ́ fún ìwòsàn ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wá ń sun tùràrí sí, títí Hesekáyà ọba fi fọ́ ọ túútúú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ní ọdún 1643 àti 1644, William Dowsing gba àṣẹ, ó sì ń lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Cambridgeshire àti Suffolk, ó ń pa àwòrán run. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 600, Gírígórì, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, ti kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù Marseille pé kí ó má ṣe fọ́ àwòrán, nítorí ẹni tí kò mọ ìwé lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sìn ín. Ibi tí ọkàn bá dúró sí ni ó ya ère sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó mọ fèrèsé lò kì í jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dúró lára dígí. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wá.

Ní ti ọwọ́ tí ó ṣe é, ẹ rántí Sólómọ́nì. Nígbà tí ó ń kọ́ tẹ́ḿpìlì, ó ránṣẹ́ pe Hírámù láti Tírè, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Tírè, láti rọ ọ̀wọ̀n idẹ méjèèjì. Ìwé Mímọ́ yìn ín fún ọgbọ́n àti òye iṣẹ́ rẹ̀. Nítòsí wa níhìn-ín, Lamidi Fakeye ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí, bá Fadá Kevin Carroll ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì gbẹ́ igi fún ilé ìsìn Kátólíìkì. Àwọn àgbà wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní Ẹdẹ wa, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Tìmì Àbíbù Lágùnjú, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Mùsùlùmí ni. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti ọdún 1946 di 1975, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Nínú agbo ilé kan náà ni ẹ̀gbọ́n ti ń lọ sí mọ́sáláṣí tí àbúrò sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa kò wí pé ọ̀kan ni ẹ̀sìn méjèèjì. Grillo kò di Kristẹni nítorí fèrèsé, ìjọ kò sì di Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà pé ọwọ́ ọmọnìkejì òun ran àdúrà òun lọ́wọ́ ti jẹ gbèsè. Báwo ni yóò ṣe kúnlẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ Mùsùlùmí ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ó sì bú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní ọjọ́ Ajé? Bí a kò bá ní í san gbèsè náà, ó sàn kí a fi pákó dí fèrèsé wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá mú àwọn ọmọ lọ wo irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ní ìta ná, kí wọ́n rí i bí ó ti ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn wọlé. Ẹ sọ orúkọ ẹni mímọ́ tí a yà síbẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni tí ó yà á pẹ̀lú.