Ẹ̀MÍ ẸRAN LỌ́WỌ́ ẸNI TÍ Ń WÁ ÌWÒSÀN

Ẹ ka Ìwé Òwe, orí 12, ẹsẹ 10.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa, tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ dídán oògùn wò lára ẹranko kí a tó lò ó fún ènìyàn, tọ̀ wá wá, ó sì bi wá pé: “Bàbá, ọwọ́ tí mo fi ń pa eku wọ̀nyí, ṣé mo lè nà án síbi Oúnjẹ Olúwa?” Àwa kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀ràn ibà pọ́njú. Ní Kúbà, ní 1900, ara ènìyàn ni àwọn oníṣègùn fi dán àrùn yìí wò, nítorí wọn kò tíì rí ẹranko tí ó ń mú. Ní 1927, àwọn oníṣègùn tí Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà rán wá, tí wọ́n ní ilé ìwádìí ní Yaba l’Ékòó, gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, wọ́n sì fi í sí ara ọ̀bọ irú ti Íńdíà. Asibi yè, ọ̀bọ náà kú. Ní September ọdún kan náà, Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó àrùn náà, ó sì kú l’Ékòó. Irú àrùn tí ó ti ara Asibi wá yìí ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York tọ́ nínú ẹran-ara eku àti ti ọmọ adìẹ inú ẹyin, títí agbára rẹ̀ fi rọ̀. Ní 1937 ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gún wa títí di òní.

Ǹjẹ́, ta ni nínú wa tí ó gba abẹ́rẹ́ yìí, tí ó lè wí pé òun kò ní ìpín nínú ikú ọ̀bọ náà? Ọmọ wa kò dá pa eku. Gbogbo àwa tí ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ni a jọ pa á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ṣùtì sí i.

Síbẹ̀, àwọn baba wa wí pé ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ní 1959, Russell àti Burch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí: níbi tí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí a má lo ẹranko, níbi tí díẹ̀ bá tó, kí a má lo púpọ̀, ìrora tí a bá lè dín kù, kí a dín in kù. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀mí ẹran ṣòfò nítorí àìbìkítà tàbí nítorí òkìkí ti ṣẹ̀. Ọlọ́run tí kò gbàgbé ológoṣẹ́ yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà a dá ọmọ wa lóhùn pé: “Máa bọ̀ níbi Tábìlì Olúwa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí eku bá kú lọ́wọ́ rẹ tí kò sì dùn ọ́ mọ́, ní ọjọ́ náà ni kí o tètè wá wa.”

Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tí ń wonisàn, àti ọkàn tí kò yigbì. Àmín.