Ẹni Tí A Gbé Ka Orí Ẹṣin



Gbogbo wa ni a mọ òwe ará Samáríà aláàánú. A rántí òróró àti wáìnì tí ó dà sí ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí kẹwàá, tí ojú wa máa ń fò: lẹ́yìn tí ó di ọgbẹ́ náà, ó gbé ọkùnrin náà ka orí ẹranko tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn. Ẹni tí ń gun ẹranko wá ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ wá di ẹni tí a gbé ga.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ni ń gun ẹṣin? Ọba ni, ìjòyè ni, ọlọ́lá ni. Kò sí ẹni tí ń ro arọ mọ́ ọn. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 1944, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlu obìnrin kan ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, Lis Hartel ni orúkọ rẹ̀, nígbà tí ó wà nínú oyún. Ó bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n kò sí agbára mọ́ láti orúnkún rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ènìyàn ni ń gbé e gun ẹṣin, ènìyàn ni ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ní ọdún 1952, níbi eré Òlíḿpíìkì ní Helsinki, ọdún tí a kọ́kọ́ gba obìnrin láàyè láti bá ọkùnrin díje nínú fífi ẹṣin dárà, ó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà. Henri Saint Cyr, ọmọ Sweden tí ó gba wúrà, ni ó ràn án lọ́wọ́ dé orí pèpéle ìyẹ́sí.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ẹṣin ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a dá ẹgbẹ́ Riding for the Disabled Association sílẹ̀ ní ọdún 1969. Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́jẹ́, ìbàdí ẹni tí ó gùn ún a máa mì gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ara tí kò rìn rí a sì máa mọ bí ìrìn ti rí. Ooru ara ẹṣin a máa dẹ iṣan tí ó le. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, kò sì yẹ gbogbo ara. Dókítà ni yóò kọ́kọ́ wí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: ẹnìkan a di ìjánu mú, ẹnìkan a wà lọ́tùn-ún, ẹnìkan a wà lósì. Àgbà mẹ́ta ń fi ẹsẹ̀ rìn, kí ọmọ kan lè gun ẹṣin.

Ẹ̀yin tí ń gba Costain kọjá lójoojúmọ́, ẹ ń rí aláàbọ̀ ara tí ń nawọ́ láàárín ọkọ̀. A na owó láti ojú fèrèsé dánfó, a sì kọjá lọ. Ìtọrẹ àánú dára, ṣùgbọ́n ó fi ẹni náà sílẹ̀ níbi tí ó wà. Ìjọ ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Surulere, nígbà tí a dá Ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli sílẹ̀ fún àwọn ọmọ afọ́jú ní ọdún 1962. Kí ni èmi àti ìwọ ń ṣe?

Àwọn ọmọ wà nínú yàrá, ní òpópónà tiwa, tí òbí wọn kò mú wá sí Mísà rí. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ ni ó dí wọn lọ́nà. Ojú wa ni, àti ẹnu wa. A ń bèèrè ẹni tí ó ṣẹ̀. Jésù ti dáhùn ìbéèrè yẹn nípa afọ́jú inú Ìhìn Rere Jòhánù, orí kẹsàn-án: kì í ṣe ọkùnrin náà, kì í ṣe òbí rẹ̀.

Ẹṣin kò sí ní àgbàlá ìjọ wa, ṣùgbọ́n èjìká wà. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ènìyàn mẹ́ta kó ara wọn jọ, kí wọ́n kí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ nílé, kí wọ́n sì bá òbí gbé ọmọ náà wá ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀. Ẹ fún un ní àyè níwájú, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn baba wa wí pé ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ogbó lè sọ̀ wá kalẹ̀, àìsàn lè sọ̀ wá kalẹ̀. Kí Olúwa, ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run kí ó lè gbé wa dìde, fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti sọ̀kalẹ̀ nítorí ẹlòmíràn. Àmín.