Ẹlẹ́rìí Tí Ó Bá Ẹlẹ́jọ́ Jẹun Pọ̀

Bí ohùn ẹni tí ó ti kú bá tún dé etí wa, ta ni a ó gbà gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ni lóòótọ́: etí àgbà tí ó gbọ́ ọ nígbà tí ó wà láyé ni, tàbí ohun èlò tí a fi wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè yìí kò ti inú ìwé wá bá wa. Inú àgbàlá kan ní Adakplamè ni a ti pàdé rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ tí a kó àwọn àwo orin àtijọ́ jáde fún ìgbádùn àwọn àgbà, tí a sì ń lo ẹ̀rọ amúnáwá nítorí pé iná ìlú ti lọ.

Àwo Haruna Ìṣọ̀lá ni a kọ́kọ́ gbé lé orí ẹ̀rọ, Oroki Social Club, tí ó jáde ní 1971. Orin náà kò tíì lọ jìnnà tí bàbá kan fi mi orí. Ó ní, «Ẹ̀yin ọmọ, èyí kì í ṣe ohùn Haruna. Ọmọdé kan ló ń sín in jẹ.» Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n mọ tinú ẹ̀rọ náà mú páálí rìbìtì kan tí a fa ìlà 180 sí yíká etí rẹ̀, wọ́n gbé e lé orí àwo, lábẹ́ iná túùbù. Bí ẹ̀rọ bá ń yí bí ó ti yẹ, èyíinì ni ìyípo 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, àwọn ìlà náà yóò dà bí ohun tí ó dúró sójú kan. Bí ó bá yára jù, wọn a máa sún síwájú. Bí ó bá falẹ̀, wọn a máa sún sẹ́yìn. Gbọnin ni wọ́n dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ní, «Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀rọ kì í purọ́.» Bàbá dákẹ́. A bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó ṣe, ẹnì kan nínú wa lẹ bébà kékeré mọ́ etí àwo, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyípo. Ìyípo 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan já sí 100 géérégé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí ìṣirò tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ti pé nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa gan.

Bí ọ̀ràn náà ti jẹ́ nìyí. Mọ́tò ẹ̀rọ wa jẹ́ irú èyí tí ń bá iná rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Ní Bénin, iná ìlú ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ amúnáwá wa sáré kọjá bẹ́ẹ̀, ó tó 53, mọ́tò sì sáré tẹ̀lé e. Àmọ́ iná túùbù tí a fi wo páálí, láti inú ẹ̀rọ amúnáwá kan náà ni òun náà ti ń jẹun. Bí mọ́tò ti ń yára ni iná náà ń yára ṣẹ́jú. Ẹlẹ́rìí àti ẹlẹ́jọ́ jọ bu òkèlè nínú ìkòkò kan, báwo ni ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe ní ṣọ̀kan? Aago ọwọ́ kò bá wọn jẹun. Etí bàbá náà kò bá wọn jẹun. A dín eré ẹ̀rọ amúnáwá kù títí ọgọ́rùn-ún fi bọ́ sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, a sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá.

Láti ìgbà náà ni a ti ń rò ó pé irọ́ tí ẹ̀rọ lè pa kì í ṣe oríṣi kan. Eré àpọ̀jù tí ó ṣe déédéé kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohùn òkè ṣì ga ju ti àárín lọ, ti àárín ṣì ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ọkọ kò di ọkọ̀. Ènìyàn ni ó yí padà, tí àgbàlagbà di ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n bí ihò àwo kò bá bọ́ sí àárín gan-an, ohùn a máa gòkè, a máa sọ̀, ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó pé. Ohùn àárín tí olórin fà gùn lè wá dà bí èyí tí ń rọ̀ sílẹ̀. Ní Kétu wa yìí, níbi tí Ẹfẹ̀ ti ń fi ohùn gbé òwe pamọ́ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Irọ́ àkọ́kọ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Èkejì fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu. Lójú tiwa, èkejì burú jù. Bàbá kò gbà fún wa.

Apá ẹ̀rọ náà kò gbẹ́yìn nínú ẹjọ́ yìí. Abẹ́rẹ́ tí a fi gbẹ́ àwo rìn tààrà láti etí dé àárín, ṣùgbọ́n apá tiwa ń fì bí ilẹ̀kùn lórí ìdè rẹ̀. Bí a ti wù kí a tò ó tó, ibi méjì péré lórí àwo ni ó ti ń ṣe déédéé pẹ̀lú ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀. Níbi yòókù a kàn ń gbìyànjú kí wíwọ́ rẹ̀ má pọ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa tún dín ìwúwo abẹ́rẹ́ kù nítorí àánú àwo. Abẹ́rẹ́ tí ó fúyẹ́ jù a máa fò, a máa lu ẹ̀gbẹ́ ipa náà, èyí tí ó bá sì hó kò ní padà mọ́. Ìpín àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni a fi ń ṣàánú.

Aago pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọrin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 fún Zonophone, kì í ṣe gbogbo àwo tí a ń pè ní 78 ni a gbẹ́ ní ìyípo 78 gan-an. Ẹni tí ó bá gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ lé orí ẹ̀rọ lónìí lè ka ìyípo títí, kò ní rí ẹni tí yóò bi pé, «Ṣé ohùn rẹ̀ nìyí?»

Bàbá mìíràn sì wà láàárín wa tí ó lòdì sí àtúnṣe wa. Nígbà èwe rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì ni ó fi ń gbọ́ Haruna, bátìrì náà kì í sì í pẹ́ kú. Ó ní Haruna tí òun mọ̀ kì í kánjú, pé èyí tí a tò sí ọgọ́rùn-ún yìí ń sáré bí ẹni tí olè ń lé. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe Haruna. Ó bẹ̀ wá pé kí a gbé àwo náà wá sí ilé òun ní ọjọ́ kan, kí a lù ú ní ìfalẹ̀ bí òun ti mọ̀ ọ́n. Àwọn kan nínú wa ní ẹ̀tàn ni, pé a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara wa ba ohùn òkú jẹ́ lẹ́yìn tí a ti mọ òtítọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní orin tirẹ̀ ni, ó sì ti dàgbà. A kò tíì fi ẹnu kò. Ó ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé òun ń retí wa.