TA NI IṢẸ́ RERE WÀ FÚN?

Ìwé kíkà: Róòmù 1:16–17, Éfésù 2:8–10, Jákọ́bù 2:14–17



Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí Ọlọ́run bá ti gbà wá là lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni a tún ń ṣe iṣẹ́ rere fún? Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ rere ni a fi ń ra ojú rere rẹ̀, kí ni Jésù wá ṣe lórí igi àgbélébùú? Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yìí lè wọ sùtánà fún ogún ọdún kí ó má dàgbà nínú ẹ̀mí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

Ní ọdún kan, wàhálà dé bá ilé mi, mo sì wọ ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Mo ra àbẹ́là, mo ra lọ́fínńdà, mo ra èso. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Birikilà tó rẹ́ ògiri ilé mi ni, mo sì ti jẹ ẹ́ lówó láti oṣù méjì. Mo ní kí ọmọ lọ sọ fún un pé, "Bàbá wà nínú àdúrà." Mo gbọ́ tí ó dáhùn pé, "Kò burú, kí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wọn." Ó sì lọ. Mo padà sórí eékún mi, ṣùgbọ́n àdúrà kò jáde lẹ́nu mi mọ́. Mo ń wo àbẹ́là tó ń jó, ọkàn mi sì ń bi mí pé: owó ta ni o fi ra eléyìí?

Ìgbà tí mo ka ìtàn Martin Luther ni mo tó mọ̀ pé n kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé irú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ bá Ọlọ́run. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ni ti Luther nínú ìjọ aláṣọ funfun?" Ará, òtítọ́ kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti jìn sí kòtò ló lè fi kòtò han ará yòókù.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Luther. Ìlú Eisleben ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1483. Iṣẹ́ ìwakùsà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun di amòfin. Ní oṣù keje ọdún 1505, bí Luther ti ń padà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Erfurt, òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà, àrá sì sán lẹ́bàá rẹ̀ títí ẹ̀rù ikú fi bà á. Ó ké pe Anna Mímọ́, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò di mọ́ńkì. Kí oṣù náà tó parí, ó ti san ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí àrá ń sán?

Nínú ilé àwọn mọ́ńkì, ó gbààwẹ̀, ó ṣàìsùn, ó fara da òtútù, ó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ń bi ara rẹ̀ bóyá ohun tí òun ṣe tó. Ẹni tó ń ra ọjà tí kò mọ iye rẹ̀, ìgbà wo ni yóò mọ̀ pé òun ti san tán? Johann von Staupitz, ọ̀gá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yé wo ara rẹ̀, kí ó máa wo ọgbẹ́ Kristi.

Luther di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ Ìwé Mímọ́ ní ìlú Wittenberg ní ọdún 1512. Bó ti ń kọ́ni ní Bíbélì níbẹ̀, ó ń bá ibì kan jà nínú ìwé Róòmù, ibi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa òdodo Ọlọ́run. Ó ti rò pé òdodo tí Ọlọ́run fi ń jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ níyà ni. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ là: òdodo tí Ọlọ́run ń fi fún ẹni tó gbàgbọ́ ni. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe owó iṣẹ́. Ó dà bí aṣọ funfun tí a wọ̀ fún ọmọ tuntun. Ọmọ náà kọ́ ló gbọ̀n òwú, òun kọ́ ló rán an.

Nígbà náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Johann Tetzel ń ta ìwé ìdáríjì káàkiri. Apá kan owó náà ń lọ fún kíkọ́ ilé ìsìn Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, apá kan ń lọ fún gbèsè tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà kan jẹ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1517, Luther gbé kókó ọ̀rọ̀ 95 jáde nípa ọjà náà. Nínú rẹ̀ ló ti kọ́ni pé ìrònúpìwàdà kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lọ́jọ́ kan tí yóò sì parí. Ìwà ọjọ́ gbogbo ni fún Kristẹni. Ó tún kìlọ̀ pé ẹni tó bá kọjá lára aláìní láti lọ ra ìwé náà, ìbínú Ọlọ́run ló fowó rà. Ọjọ́ tí mo ka èyí, birikilà mi ni mo rí.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Jákọ́bù ń kọ́? Ṣé kò sọ pé òkú ni ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́?" Òótọ́ ni. Luther pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ìwé Jákọ́bù, mi ò sì rò pé ó tọ̀nà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tó kọ sí ìwé Róòmù ní ọdún 1522, òun náà kọ́ni pé ohun alààyè ni ìgbàgbọ́, kò lè jókòó kí ó má ṣe rere. Ẹ wo igi ọsàn. Èso kọ́ ló sọ ọ́ di igi ọsàn. Nítorí pé igi ọsàn ni ló ṣe ń so ọsàn. Bí o bá fi okùn so ọgọ́rùn-ún ọsàn mọ́ igi òdán, igi òdán náà ni yóò máa jẹ́, ọsàn rẹ á sì rà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń so ọsàn mọ́ igi òdán. A ń kó iṣẹ́ ìsìn jọ síta, nígbà tí ọkàn wa kò tíì gbà pé Ọlọ́run fẹ́ wa.

Ta wá ni iṣẹ́ rere wà fún? Kì í ṣe fún Ọlọ́run, nítorí kò sí ohun tí Ọlọ́run ṣe aláìní. Ọmọnìkejì wa ló nílò rẹ̀. Nínú ìwé kan tó kọ ní ọdún 1520 nípa òmìnira Kristẹni, Luther fi yé wa pé ìgbàgbọ́ sọ wá di òmìnira, ìfẹ́ sì sọ wá di ìránṣẹ́ gbogbo ènìyàn. Nítorí pé a ti gbà ọ́ là, ọwọ́ rẹ ṣófo láti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tó ṣì ń ra ìgbàlà kò ráyè. Gbogbo ohun tó bá ṣe fún aláìní, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè Ọlọ́run ni.

Níbo ni iṣẹ́ náà wà? Ibi tí o wà yẹn ni. Láyé Luther, wọ́n gbà pé iṣẹ́ mọ́ńkì ga ju iṣẹ́ ìyá ọlọ́mọ lọ. Luther kọ̀ ọ́. Ó ní bí bàbá bá ń fọ ìlédìí ọmọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́, bí aráyé tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, inú Ọlọ́run àti àwọn áńgẹ́lì ń dùn sí i. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ o! Òun náà gbéyàwó ní ọdún 1525. Katharina von Bora, tó ti jẹ́ sísítà rí, ló fẹ́. Obìnrin yìí ń pọn ọtí, ó ń sin ẹran, ó ń mójú tó oko, ó ń bọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kún ilé, ó sì bí ọmọ mẹ́fà. Ta ló lè sọ pé ìjọsìn kọ́ ni ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ tiwa. Ìyá tó ń wọn gààrí ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, tí kò fi àtàǹpàkò dí abọ́ òṣùwọ̀n, pẹpẹ rẹ̀ nìyẹn. Àgbẹ̀ ní Kétu tó ń san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ, ẹbọ ọpẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́, tó padà wá èrò tó gbàgbé ẹrù sínú ọkọ̀, wákàtí yẹn kò ṣòfò níwájú Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ti dé. Ní ọdún 1535, Luther kọ ìwé kékeré kan lórí bí a ti ń gbàdúrà, ó sì kọ ọ́ fún onígbàjámọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Peter. Ó fi abẹ ṣàpẹẹrẹ: bí onígbàjámọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ ṣáá, tí ojú rẹ̀ kò sí lórí abẹ, yóò gé ènìyàn nímú. Bẹ́ẹ̀ ni kí a fi ọkàn sí àdúrà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Peter gún ọkọ ọmọ rẹ̀ pa. Luther kò sá fún un. Ó bá a bẹ̀bẹ̀, wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n wọ́n lé e kúrò nílùú. Luther fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, ó kọ ọ̀rọ̀ líle sí àwọn àgbẹ̀ tó ṣọ̀tẹ̀ ní 1525, ó sì kọ ọ̀rọ̀ burúkú sí àwọn Júù ní 1543, èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ Luther ti kọ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Ẹni tó mọ oore-ọ̀fẹ́ ṣì lè ṣubú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú ìwé ẹ̀kọ́ kékeré rẹ̀ ti ọdún 1529, ó kọ́ni pé lójoojúmọ́ ni ìrìbọmi ń ṣiṣẹ́: kí a máa ri ènìyàn àtijọ́ inú wa sínú omi, kí ẹni tuntun sì máa jáde. Aṣọ funfun òun àbàwọ́n kì í rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni a rán sùtánà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń fọ̀ ọ́.

Mi ò sọ pé kí a má tan àbẹ́là. Ìmọ́lẹ̀ yẹ ilé Ọlọ́run. Ààwẹ̀ dára, Luther kò pè é ní ohun búburú. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a má fi wọ́n ra ohun tí a ti fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, kí a má sì fi wọ́n bo gbèsè tí a jẹ ọmọnìkejì mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi yẹn, mo bọ́ sùtánà, mo wọ bàtà, mo mú ìwọ̀nba owó tó kù, mo wá ilé birikilà lọ. Ìyàwó rẹ̀ ni mo bá. Ó ní wọ́n ti lé ọmọ àwọn wálé láti ilé ìwé nítorí owó. Mo bẹ̀ ẹ́, mo san ìdajì, mo sì san ìyókù kí oṣù tó parí. Wàhálà ilé mi kò tán lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé, mo rí ojú gbàdúrà.

Nítorí náà, ará, kí o tó tan àbẹ́là tó kàn, bi ara rẹ pé: ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà mi?

Àdúrà: Olúwa, a dúpẹ́ pé o fẹ́ wa kí a tó ṣe ohunkóhun. Gba ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn wa. La ojú wa sí ẹni tí a jẹ ní gbèsè, kí o sì fún wa lágbára láti dìde lọ bá a. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.