Kí Katapílà Tó Dé

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi. Ta ló ni ín? Ṣé gbogbo mọ̀lẹ́bí fọwọ́ sí i? Ṣé ìjọba ò ní gbà á? Awọnlẹ̀ á dé, á wọn ilẹ̀, á ri òpó kọnkéré mọ́ igun rẹ̀, ó parí. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ̀dó sí Ọ̀yọ́ tòní ní àwọn ọdún 1830, Àgọ́ Ọ̀jà ló ń jẹ́, èèyàn sì ti ń gbé ibẹ̀. Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ogun ìgbà yẹn sọ ọ̀pọ̀ abúlé di ahoro, àwọn tó yè sì sá wọ inú ìlú. Ahoro yẹn ò lọ síbì kankan o. Ọdẹ àti àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n: ibi tí igi oṣè ti dá dúró láàárín oko, tí àpáàdì ti kún ilẹ̀, èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ẹ má sì gbàgbé pé inú ilé làwọn bàbá wa ń sin òkú sí.

Ní 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ni orí idẹ bá ń jáde. Ayé pariwo. Ọ̀kan dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, méjì dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dá wọn padà ní 1950. Àmọ́ ta ló rì wọ́n mọ́lẹ̀? Ṣé wọ́n sin wọ́n ni, àbí wọ́n fi wọ́n pamọ́? Èwo ló wà lókè, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Ọkọ́ ti da gbogbo ẹ̀ rú. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún kan idẹ ní Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, awalẹ̀pìtàn Frank Willett ráàyè walẹ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bá ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, ohun tí biríkìlà máa kà sí pàǹtí.

Tí babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe lélẹ̀ ni odù. Tí ọmọdé bá ṣa á kí bàbá tó wò ó, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ò sọnù. Odù ló sọnù.

Òfin wà. Òfin tó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1979 ní kí ẹni tó bá hú ohun àtijọ́ jáde fi tó àjọ náà létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí òfin gbé ẹrù náà lé: ẹni tó ti ra sìmẹ́ńtì, tí òjò ń bọ̀, tí owó ilé tó ń gbé ti fẹ́ pé. Tí ìkòkò bá yọ, á ní kí lébìrà da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mi ò lè bú u. Ó ṣeé ṣe kémi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọjà Akẹ̀sán jó ní Ọ̀yọ́ ní oṣù kìíní 2020, ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ìyá tí gbogbo ọjà rẹ̀ ti di eérú pé kó ní sùúrù, wọ́n fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ilẹ̀ ná?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ àsìkò ni. Kí wọ́n tó gé oko sí púlọ́ọ̀tì, kò tíì sí sìmẹ́ńtì ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yẹ kí èèyàn rin ilẹ̀ náà já, kó bi àwọn àgbàlagbà léèrè, kó gbẹ́ ihò kéékèèké káàkiri. Ẹni tó máa jèrè ilẹ̀ títà, ìjọba tàbí ilé iṣẹ́, ni kó sanwó ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kọ́ yàrá méjì. Ní ìlú Bìní, wọ́n kọ́kọ́ walẹ̀ síbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun sí kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Àwọn kan á ní awalẹ̀pìtàn gan-an ló ń tú òkú. Òótọ́ wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí mọ̀lẹ́bí lè sọ pé rárá. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ló ń yọrí sí wíwalẹ̀. Nígbà míì, ohun tó máa sọ ò ju pé kí ọ̀nà yà díẹ̀ sápá òsì, kó fi ibojì àwọn ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ pé ibojì wà níbẹ̀, nígbà tí katapílà bá ti kọjá?