Ṣé Àìnígbàgbọ́ Ni Kéèyàn Yí Padà?

Bíbélì kíkà wa láàárọ̀ yìí: Mátíù 4:5-7.

Nínú oṣù Keje kan, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìpínlẹ̀ Colorado, l'Amẹ́ríkà. Ìgbà ooru wọn nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ní ká lọ gun òkè ní Rocky Mountain National Park. Ìyá rẹ̀ ní, "Ajíhìnrere, ọwọ́ ẹ lọmọ mi wà o."

Ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ ni pé kéèyàn tètè gbéra láàárọ̀, kó sì ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di ọ̀sán, torí àrá. Èmi ni mo jẹ́ ká pẹ́. Agogo mẹ́sàn-án ti lù ká tó kúrò ní Bear Lake.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run dára! Bá a ṣe ń gòkè, à ń wo Dream Lake àti Emerald Lake nísàlẹ̀, àwọn adágún omi tó ń dán láàárín àpáta. Nígbà tó yá, igi tán. Koríko kúkurú àti òkúta ló kù, kò sí ibi tá a lè sá sí. A dé orí Flattop Mountain, tó ga ní 12,324 ẹsẹ̀ bàtà sí ìtẹ́jú òkun. Ṣóńṣó Hallett Peak wà níwájú wa, 12,713 ẹsẹ̀ bàtà. Ibi tá a wà síbẹ̀ ò tó máìlì kan.

Àmọ́ sánmà ti ṣú lápá ìwọ̀ oòrùn. Àwọn èèyàn ń sáré sọ̀. Mo ní, "Ọlọ́run tó mú wa débí ò ní fi wá sílẹ̀." Ọmọ náà wojú ọ̀run, ó wojú mi. Ó ní, "Ọ́ńkù, tẹ́ ẹ bá ń lọ, mò ń tẹ̀ lé yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ wo Jésù lórí tẹ́ńpìlì. Sátánì ní kó bẹ́ sílẹ̀, ó tiẹ̀ fi Ìwé Mímọ́ tì í lẹ́yìn. Jésù ò bẹ́. Ṣé ìgbàgbọ́ ò tó o ni? Rárá o! Bàbá ò rán an ní bíbẹ́. Ẹni tí Ọlọ́run bá rán wọ iná, Ọlọ́run á bá a níbẹ̀, bó ti rí fún àwọn ọmọ Hébérù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ló rán mi lọ sí Hallett? Ẹ jẹ́ n sòótọ́: fọ́tò ni mo fẹ́ yà.

A yí padà. A ò tíì dé ìdí igi tí àrá fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán, tí yìnyín sì ń lù wá. Bí àrá ò bá tiẹ̀ sán rárá, yíyí padà yẹn ṣì tọ̀nà, torí ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí mo lè fi ta tẹ́tẹ́, kí n wá pè é ní ìgbàgbọ́.

Ìwọ tó o fẹ́ wa ọkọ̀ lóru pẹ̀lú táyà tó ti jẹ tán, èrò kún ẹ̀yìn ẹ. Ìwọ tó o fẹ́ kó owó ilé-ìwé ọmọ sínú òwò tí o ò mọ̀dí ẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ló rán ẹ, àbí ojú ló ń tì ẹ́ láti yí padà? Wẹ̀yìn wò. Ta ló ń tẹ̀ lé ẹ?

Àdúrà: Baba, fún mi ní ìgboyà láti lọ síbi tó o bá rán mi, àti ìrẹ̀lẹ̀ láti yí padà níbi tí o ò rán mi. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ ṣe dáadáa lónìí o.